Òtútù, Òòfà àti Mólékù Tí Kì Í Sinmi

Mólékù inú ohun líle kì í dúró jẹ́ẹ́. Yìnyín, àbẹ́là, ṣúgà, ike, táyà ọkọ̀: ojú lásán ń rí wọn bí ohun tó dákẹ́ sójú kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ègé tíntìntín tó para pọ̀ di wọ́n kò sinmi. Àwọn kan ń gbọ̀n lójú kan, àwọn kan ń yípo, àwọn mìíràn sì ń fò láti ipò kan bọ́ sí òmíràn. Ìrìn kan lè wáyé lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí òmíràn sì wáyé ní ìgbà bílíọ̀nù mélòó kan láàárín àkókò kan náà. Ooru ló ń gbé wọn rìn. Bí ooru bá ń dín kù, ìrìn wọn á máa falẹ̀. Bí òtútù bá wá mú gan-an, wọn á máa dáwọ́ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan: ìrìn tó ń fẹ́ agbára púpọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dúró, èyí tó ń fẹ́ díẹ̀ ni yóò kẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń mú ohun líle wọ inú òtútù tó ju ti ibikíbi lórí ilẹ̀ ayé lọ, tí wọ́n á sì fi òòfà alágbára àti ìgbì rédíò wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. NMR ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìwádìí náà.

Èrò pé mólékù lè máa yí nínú ohun líle ti wà kí NMR tó dé. Ní 1930, Linus Pauling, onímọ̀ kẹ́místírì ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ pé mólékù lè máa yípo nínú kírísítálì láìjẹ́ pé kírísítálì náà yọ́. Àwọn tó ń wọn iye ooru tí ohun líle ń gbà mọ́ra náà ti kíyè sí i pé, bí òtútù bá dé ìwọ̀n kan, iye náà á ṣàdédé yí padà, bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ nínú ohun náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ṣòro láti rí. X-ray ni irinṣẹ́ tó dára jù lọ nígbà náà fún mímọ bí átọ̀mù ṣe tò nínú kírísítálì, ibi tí átọ̀mù sábà máa ń wà ló sì ń fi hàn. Bí átọ̀mù kan bá kúrò níbẹ̀ tí irú rẹ̀ sì bọ́ sí àyè rẹ̀, X-ray kò ní fura. Bẹ́ńsíìnì jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Átọ̀mù kábọ́ọ̀nù mẹ́fà ló so pọ̀ di òrùka nínú mólékù rẹ̀, haidrójìn kan sì so mọ́ kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Bí òrùka yìí bá yí ní ìdá kan nínú mẹ́fà, haidrójìn kọ̀ọ̀kan á bọ́ sí àyè èkejì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì rí gẹ́lẹ́ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí NMR gbà ń wo nǹkan yàtọ̀. Kókó inú àwọn átọ̀mù kan, pàápàá ti haidrójìn, jẹ́ òòfà kékeré fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sáàárín òòfà ńlá, kì í kàn kọjú sí ibi tí òòfà náà ń fà á sí kó sì dúró síbẹ̀. Ńṣe ló ń fì yíká, bí òkòtó tí ọmọdé ta, tí orí rẹ̀ ń fì bó ṣe ń yí. Bí òòfà ńlá náà bá ṣe lágbára tó ni fífì yìí ṣe ń yá tó: nínú òòfà tí agbára rẹ̀ jẹ́ tesla 1, kókó haidrójìn ń fì ní ìgbà mílíọ̀nù 42.58 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyára yẹn bọ́ sáàárín ti ìgbì rédíò. Bí wọ́n bá rán ìgbì rédíò tó bá a dọ́gba sí i, kókó náà á gba agbára lára ìgbì ọ̀hún, á sì dáhùn. Ìdáhùn yìí ni ẹ̀rọ ń yà gẹ́gẹ́ bí ìlà tó yọ sókè. Nínú fífẹ̀ ìlà náà, àti nínú bó ṣe ń pẹ́ tó kí kókó tó padà sí ipò rẹ̀, ni ìròyìn nípa ìrìn mólékù wà.

Kò rọrùn fún àwọn tó kọ́kọ́ wá ìdáhùn yìí. Isidor Rabi ti rí i ní 1938 lára mólékù tó ń fò lọ nínú òfìfo, iṣẹ́ náà ló sì mú ẹ̀bùn Nobel wá fún un ní 1944. Nínú ohun líle, C. J. Gorter, ará Netherlands, wá a ní 1936, ó tún wá a ní 1942, kò sì rí nǹkan kan. Àlàyé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni pé kírísítálì tó lò mọ́ jù, kókó inú rẹ̀ sì ń pẹ́ jù kó tó lè fi agbára tó gbà sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1945, Edward Purcell, Henry Torrey àti Robert Pound gbọ́ ọ ní Harvard. Epo àbẹ́là ni wọ́n lò, nǹkan tí kò tó kílò kan. Ohun líle ni àbẹ́là, ṣùgbọ́n haidrójìn pọ̀ nínú rẹ̀, mólékù rẹ̀ sì ń mì tó láti jẹ́ kí kókó haidrójìn padà sí ipò kíákíá. Láìpẹ́ sí àkókò náà, Felix Bloch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìdáhùn kan náà lára omi ní Stanford. Bloch àti Purcell jọ pín ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì ní 1952.

Fífẹ̀ ìlà ló kọ́kọ́ tú àṣírí ìrìn mólékù. Kì í ṣe òòfà ńlá nìkan ló ń darí kókó haidrójìn kọ̀ọ̀kan. Àwọn kókó tó wà nítòsí rẹ̀ náà ń nípa lórí rẹ̀, nítorí òòfà ni àwọn náà. Bí ọ̀kan bá wà ní apá kan, á fi kún agbára tó ń fa kókó náà. Bó bá wà ní apá mìíràn, á dín in kù. Bí àlàfo àárín wọn bá di ìlọ́po méjì, ipa tí ọ̀kan ń ní lórí èkejì á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Nínú ohun líle tí mólékù rẹ̀ kò yí rárá, agbára tó ń kan kókó kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, ìyára fífì wọn kò dọ́gba, ìlà náà á sì fẹ̀ gan-an. Nínú omi, mólékù ń ta kìtì síhìn-ín sọ́hùn-ún kánmọ́kánmọ́ débi pé àfikún àti àyọkúrò ń pa ara wọn rẹ́, ìlà á sì tín-ín-rín. Ohun líle tí mólékù rẹ̀ ń yí ní ọ̀nà kan tí kò sì yí ní òmíràn bọ́ sáàárín méjèèjì. Ìlà rẹ̀ á dín, kò ní dín tán, ìwọ̀n tó fi dín ló sì ń sọ irú ìrìn tó ń lọ nínú rẹ̀.

Ọdún 1948 ni ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí a lè fi ṣírò. George Pake, akẹ́kọ̀ọ́ Purcell, gbé kírísítálì jípsọ́ọ̀mù sínú òòfà. Jípsọ́ọ̀mù ni ohun tí wọ́n ń fi ṣe P.O.P. tó wà ní àjà ọ̀pọ̀ ilé lóde òní. Omi wà nínú kírísítálì rẹ̀, haidrójìn méjì inú mólékù omi kọ̀ọ̀kan sì sún mọ́ ara wọn tó fi jẹ́ pé ìlà náà là sí méjì. Láti inú àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì, Pake ṣírò pé haidrójìn méjì náà fi 1.58 angstrom jìnnà síra. Angstrom kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà. Ìṣirò náà ṣe pàtàkì gan-an, nítorí X-ray kì í fi bẹ́ẹ̀ rí haidrójìn. Lọ́dún kan náà, J. H. Van Vleck gbé òfin ìṣirò jáde tó ń sọ bí ìlà yóò ṣe fẹ̀ tó bí a bá mọ ibi tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Láti ìgbà náà, bí ìlà bá tín-ín-rín ju ohun tí ìṣirò sọ lọ, ó di dandan kó jẹ́ pé nǹkan ń rìn níbẹ̀. Ní 1950, Herbert Gutowsky àti Pake fi èyí hàn lára oríṣiríṣi ohun líle.

Iṣẹ́ tó jẹ́ kí ọ̀nà yìí yé ènìyàn jù lọ ni èyí tí E. R. Andrew àti R. G. Eades ṣe lórí bẹ́ńsíìnì, tó jáde ní 1953. Bẹ́ńsíìnì máa ń dì bí ìwọ̀n ìgbóná bá ti wá sí dígírì Celsius 5.5. Òtútù tí àwọn méjèèjì mú un wọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Kelvin ni wọ́n fi ń wọn irú òtútù bẹ́ẹ̀: 0 Kelvin ni ìpẹ̀kun òtútù, tó jẹ́ dígírì Celsius 273.15 sí ìsàlẹ̀ òdo, kò sì sí ohun tó lè tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìsàlẹ̀ 90 Kelvin, ìlà haidrójìn inú bẹ́ńsíìnì fẹ̀, kò sì yí padà. Bí wọ́n ṣe jẹ́ kó móoru díẹ̀díẹ̀ láti 90 dé 120 Kelvin, ìlà náà sún kì: iye tí wọ́n fi ń díwọ̀n fífẹ̀ rẹ̀ já láti 9.7 sí 1.6. Lẹ́yìn 120 Kelvin, ó tún dúró sójú kan. Bẹ́ńsíìnì náà kò yọ́ o. Ó ṣì ku ohun tó ju dígírì 150 lọ kó tó yọ́. Òrùka inú rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Andrew àti Eades kò fi mọ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé òrùka ló ń yí, tí kì í ṣe pé mólékù ń rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n wá lo bẹ́ńsíìnì oríṣi mẹ́ta: ti àbáláyé, èyí tí wọ́n fi dùtéríọ́ọ̀mù rọ́pò haidrójìn kan nínú rẹ̀, àti èyí tí wọ́n fi rọ́pò mẹ́ta. Haidrójìn tó wúwo ni dùtéríọ́ọ̀mù, òòfà rẹ̀ kò sì lágbára tó ti haidrójìn lásán. Nípa fífi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra, wọ́n ya ipa tó ń ti inú mólékù kan náà wá sọ́tọ̀ kúrò lára ipa tó ń ti ara mólékù mìíràn wá. Ipa inú mólékù dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Iye yẹn gan-an ni ìṣirò ní yóò jẹ́ bí òrùka náà bá ń yí lórí ìdùbúlẹ̀ rẹ̀, láìgbé ara sókè, láìdojú dé. Láti inú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti rí i pé haidrójìn méjì tó tẹ̀ lé ara wọn lórí òrùka fi nǹkan bí 2.5 angstrom jìnnà síra. Ìwọ̀nba òtútù, òòfà àti làákàyè ni wọ́n fi rí ohun tí X-ray kò lè rí.

Kí ìlà tó lè dín kù, ìfò òrùka gbọ́dọ̀ ti ju ìgbà 10,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín 90 àti 120 Kelvin nìyẹn. Nígbà tí bẹ́ńsíìnì bá fi máa sún mọ́ yíyọ́, ìfò náà á ti di bílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìlà kò ní sọ ìyẹn, nítorí ó ti dín kù dé ibi tó lè dín dé. Fífẹ̀ ìlà ní ààlà rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti nílò ẹ̀rí kejì.

Ẹ̀rí kejì ni àkókò tí kókó fi ń padà sí ipò. Bí ìgbì rédíò bá ti ti kókó kúrò ní ipò rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi agbára tó gbà sílẹ̀ kó tó lè padà. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Àfi bí nǹkan bá ń mì nítòsí rẹ̀ ní ìyára tó bá ti fífì rẹ̀ mu. Ní 1948, Nicolaas Bloembergen, Purcell àti Pound ṣàlàyé èyí nínú ìwé ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí. Bí mólékù bá ń yára jù, àkókò ìpadàbọ̀ á gùn. Bó bá ń falẹ̀ jù, á gùn pẹ̀lú. Láàárín méjèèjì ni ibi kan wà tí àkókò náà kúrú jù lọ, ibẹ̀ sì ni ìyára mólékù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìyára fífì kókó. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń mú ohun líle tutù díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n sì ń wọn àkókò yìí ní ìwọ̀n òtútù kọ̀ọ̀kan, wọn á rí i tó ń kúrú, tó kúrú tán, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Láti inú bó ṣe ń kúrú àti bó ṣe ń gùn ni wọ́n ti ń ṣírò agbára tí mólékù gbọ́dọ̀ ní kó tó lè fò. Nínú òtútù tó mú gan-an, ìpadàbọ̀ kan lè gba wákàtí.

Àpẹẹrẹ tó yani lẹ́nu jù lọ ni C60, mólékù róbótó tó ní kábọ́ọ̀nù ọgọ́ta, tí Harold Kroto, Robert Curl àti Richard Smalley rí ní 1985, tó sì mú ẹ̀bùn Nobel wá fún wọn ní 1996. Ní 1990 ni wọ́n tó rí ọ̀nà láti ṣe é púpọ̀. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà tí àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí IBM àti Bell Labs ní Amẹ́ríkà ti gbé e sínú òòfà. Ìdáhùn kábọ́ọ̀nù-13 ni wọ́n wá, irú kábọ́ọ̀nù tó jẹ́ nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, tí kókó rẹ̀ sì jẹ́ òòfà. Nínú yàrá lásán, ìlà rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ohun olómi, bẹ́ẹ̀ ohun líle ni. Ní 77 Kelvin, ó fẹ̀. Nítòsí 260 Kelvin ni ìrìn rẹ̀ ti ń yí padà: lókè rẹ̀, mólékù ń yí sí ibi tó bá wù ú, nísàlẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀nba ipò díẹ̀ ló ń fò sí. Ìwádìí tó jáde ní 1992 fi hàn pé ní 283 Kelvin, C60 inú ohun líle ń yí ju bó ṣe ń yí nínú ohun olómi tí wọ́n yọ́ ọ sí lọ. Àwọn mólékù róbótó tó fara kanra kò dí ara wọn lọ́wọ́ tó bí mólékù ohun olómi ṣe ń dí wọn lọ́wọ́.

Àwọn ìrìn kan wà tí òtútù kò lè dá dúró. Ìdìpọ̀ kábọ́ọ̀nù kan àti haidrójìn mẹ́ta, tó wọ́pọ̀ gan-an nínú epo, oògùn àti ike, ń yí níbi tó ti so mọ́ ìyókù mólékù. Òye àtijọ́ sọ pé ní 4 Kelvin kò yẹ kó lè yí mọ́, nítorí agbára tó ní kò tó láti borí ìdíwọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń yí: ó ń gba inú ìdíwọ́ náà kọjá láìgun orí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin kúáńtọ́ọ̀mù ti gbà fún ohun kékeré. Ní 1972, J. Haupt mú ohun líle kan tó ní irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú òtútù hílíọ́ọ̀mù olómi, ó mú kó móoru lójijì, ó sì rí i pé ìdáhùn haidrójìn rẹ̀ lágbára kọjá bó ṣe yẹ. Agbára tó wà nínú yíyí ló ti bọ́ sára kókó. Haidrójìn fúnra rẹ̀ náà kò gbà fún òtútù bọ̀rọ̀. Ó máa ń dì ní 14 Kelvin, ṣùgbọ́n mólékù rẹ̀ á ṣì máa yí nínú dídì náà. Ó di ìsàlẹ̀ nǹkan bíi 2 Kelvin kí haidrójìn dídì tí irú mólékù kan tí wọ́n ń pè ní ortho bá pọ̀ nínú rẹ̀ tó kọjú sí ibi kan pàtó, kí ìlà rẹ̀ sì là.

Irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí kò ṣòro láti ṣàpèjúwe, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti lò. Náítírójìn olómi ń gbé nǹkan dé 77 Kelvin, hílíọ́ọ̀mù olómi sì ń gbé e dé 4.2 Kelvin. Heike Kamerlingh Onnes ló kọ́kọ́ sọ hílíọ́ọ̀mù di olómi, ní Leiden ní oṣù Keje 1908. Ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò á wà nínú ìkòkò tí òfìfo yí ká kí ooru má baà wọlé, wáyà tín-ín-rín tó ń gbé ìgbì rédíò á sì yí i ká. Wíwọn òtútù náà gbọ́dọ̀ péye: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bẹ́ńsíìnì kò gba ju dígírì 30 lọ, ẹni tó bá sì fi dígírì márùn-ún ṣì í ti ba ìṣirò rẹ̀ jẹ́. Òtútù tún ní èrè mìíràn. Nínú òòfà tesla 9.4 tó wà nínú yàrá lásán, nínú mílíọ̀nù kan kókó haidrójìn, àwọn tó kọjú sí ibi tí òòfà fẹ́ fi nǹkan bí 32 péré ju àwọn tó kẹ̀yìn sí i lọ. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni gbogbo ìdáhùn ti ń wá. Ní 4.2 Kelvin, ó di ohun tó ju 2,200 lọ.

Andrew kan náà tó ṣe iṣẹ́ bẹ́ńsíìnì tún fún iṣẹ́ yìí ní irinṣẹ́ ńlá mìíràn. Ní 1958, ní Bangor ní Wales, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé bí wọ́n bá dìídì yí ohun líle náà kánkán, tí wọ́n sì fi í dẹ̀gbẹ́ ní dígírì 54.7 sí òòfà, ìlà rẹ̀ á dín kù bí ẹni pé mólékù ló ń yí. Irving Lowe rí ohun kan náà ní Amẹ́ríkà láàárín àkókò náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí tó ń fi NMR wo ohun líle ló ń lo ọ̀nà yìí, wọ́n sì lè fi gáàsì tútù yí nǹkan náà nínú òtútù.

Àǹfààní iṣẹ́ yìí kò mọ sínú yàrá ìwádìí. Rọ́bà máa ń rọ̀ nítorí pé àwọn okùn gígùn mólékù rẹ̀ ń rìn. Bí ìrìn náà bá falẹ̀, rọ́bà á gan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 1986, òrùka rọ́bà tí òtútù òwúrọ̀ ti mú gan kò dí àlàfo mọ́, ọkọ̀ Challenger tó ń lọ sí gbalasa òfurufú fọ́ lójú sánmà, ènìyàn méje sì kú. Gutowsky ti wọn ìrìn mólékù inú rọ́bà igi pẹ̀lú NMR láti 1953, ó sì yẹ kí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ wà nínú ìmọ̀ gbogbo ẹni tó ń fi ẹ̀mí ènìyàn sábẹ́ rọ́bà. Àwọn tó ń ṣe oògùn ń lo ọ̀nà yìí láti mọ̀ bóyá mólékù oògùn ń rìn nínú hóró débi tí oògùn náà fi lè bàjẹ́ lórí pẹpẹ. Àwọn tó ń ṣe bátìrì tí kò ní omi nínú ń fi í wọn bí lítíọ́ọ̀mù ṣe ń fò nínú ohun líle. Robert Griffin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT sì ń mú purotéènì tutù dé nǹkan bí 100 Kelvin, wọ́n ń fi òòfà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, tó lágbára ju ti haidrójìn lọ ní ìlọ́po 658, gbé ìdáhùn rẹ̀ sókè.

Ọ̀nà kan tí ìwádìí ohun líle gbà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn ni MRI. Ìrìn mólékù inú ohun líle ni Peter Mansfield kọ́kọ́ fi NMR kọ́. Ní 1973, bó ṣe ń ronú bí NMR ṣe lè fi ìtò átọ̀mù inú kírísítálì hàn, ó bọ́ sí ọ̀nà yíyàwòrán inú ara. Òun àti Paul Lauterbur gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Òòfà inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ MRI ní ilé ìwòsàn ṣì ń jókòó sínú hílíọ́ọ̀mù olómi dòní.

Hílíọ́ọ̀mù yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè ṣe jáde. Inú ilẹ̀ ló ti ń wá, pẹ̀lú gáàsì ìdáná, èyí tó bá sì fò lọ sínú afẹ́fẹ́ á gòkè, á sì fi ayé sílẹ̀. Yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn tó bá ń ṣètò láti ra ẹ̀rọ òòfà kò gbọdọ̀ ka ẹ̀rọ tó ń kó hílíọ́ọ̀mù jọ sí ohun àfikún tí wọ́n lè rà nígbà tí owó bá ku. Kí wọ́n ra méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.